Ẹnu tí kò là mọ́: oríkèé párì tó gan lẹ́yìn ìfarapa ojú, àti bí iṣẹ́ abẹ ṣe ń ṣí i

Nígbà tí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú ní Ọláìyá ní Òṣogbo tàbí lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ojú máa ń wò. Àgbọ̀n ọmọ bẹ́, wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n rán an, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n ní kó padà wá yọ òwú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọgbẹ́ ti jinná, gbogbo ilé sì dúpẹ́. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ yẹn kò lè ki odidi ṣíbí bọ ẹnu mọ́. Ìyá rẹ̀ rò pé oúnjẹ ni kò wù ú. Ìgbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí dókítà eyín ní kó lanu, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹnu náà kò là.

Àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu àti párì mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Oríkèé tó so àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mọ́ agbárí ló ti gan, nígbà mìíràn eegun méjèèjì á tiẹ̀ so di ẹyọ kan. Mo gbé e wá síwájú yín nítorí pé ó ṣeé dènà, ó sì ṣeé tọ́jú, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí èèyàn fara pa: a wo ọgbẹ́, a ò wo oríkèé. Ìgbà kejì ni ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ: ojú abẹ jinná, a rò pé ó ti parí, oríkèé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì padà.

Iwájú etí ni kí ẹ wò

Ẹ fi ìka kọ̀ọ̀kan sí iwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ lanu, kí ẹ sì tún pa á dé. Ohun tó ń yí tó sì ń sún lábẹ́ ìka yín yẹn ni orí eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ó jókòó sínú kòtò kékeré kan nísàlẹ̀ agbárí, bí orí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó, àfi pé odó tibí dojú délẹ̀. Awẹ́ kan tó rọ̀ tó sì ń yọ̀ wà láàárín wọn kí eegun má baà máa ha eegun. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í lanu, orí eegun náà á kọ́kọ́ yí lójú kan. Bí ẹnu bá ń là sí i, á sún síwájú nínú kòtò rẹ̀. Ẹnu àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń là tó nǹkan bí 40 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti eyín òkè dé eyín ìsàlẹ̀. Ẹ ò nílò rúlà láti mọ̀ ọ́n. Kí èèyàn to ìka mẹ́ta tirẹ̀ jọ lóòró, láìka àtàǹpàkò àti ọmọ-ńdínrín, kó kì wọ́n sáàárín eyín iwájú. Bí wọ́n bá wọlé, ẹnu là. Ìka ọmọ ni kí ẹ fi wọn ẹnu ọmọ, ẹ má fi tiyín wọ̀n ọ́n.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ibi tí a fi ṣubú nìkan kọ́ ló lè ṣẹ́. Bí àgbọ̀n bá gbá ilẹ̀, agbára ìgbá náà á gba inú eegun lọ sókè, á sì parí sí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé orí eegun yẹn dúró níwájú etí. Ibẹ̀ ló ń kán. Ààbò sì ni kíkán yẹn jẹ́, nítorí pé bí ọrùn náà bá kọ̀ tí kò kán, agbára yẹn lè ti orí eegun wọ inú agbárí lọ bá ọpọlọ. Nítorí náà, ẹni tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bẹ́ lè ti kán níwájú etí ọ̀tún tàbí òsì, tàbí méjèèjì, láìsí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀.

Ara a máa sọ̀rọ̀ bí a bá tẹ́tí sí i. Iwájú etí á máa dun ẹni náà. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde láti inú etí. Eyín kò ní pàdé bó ṣe máa ń pàdé. Bó bá lanu, àgbọ̀n rẹ̀ á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tó kán náà ló sì máa ń yà sí. Bó bá jẹ́ méjèèjì ló kán, eyín ẹ̀yìn á ti gbá ara wọn kí ti iwájú tó pàdé, àlàfo á wà níwájú. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti yẹ oríkèé iwájú etí rẹ̀ wò?" Kò sí àrífín nínú ìyẹn. Ní ojú ìjàm̀bá tí èèyàn mẹ́rin ti fara pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí àti àyà àti ikùn ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dojú kọ, oríkèé kékeré kan lè fò ó dá.

Ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí le sí jù. Orí eegun ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, rọ̀, èèpo ìta rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Dípò kó kán lọ́rùn bíi ti àgbà, ó sábà máa ń fọ́ sínú oríkèé gan-an. Ẹ̀jẹ̀ á dà síbẹ̀, èérún eegun á wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, awẹ́ tó yẹ kó wà láàárín lè ti ya tàbí kó yẹ̀ kúrò. Ọmọ á kọ̀ kò ní lanu nítorí ìrora. Ìyá á máa fún un ní ògì, kò ní sí ohun tó ń fi ẹnu rún. Láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ tí oríkèé fi dúró sójú kan yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó dì á di àpá líle, bó bá sì pẹ́, àpá yẹn á di eegun. Ọgbọ́n kan náà tí ara fi ń mú kí ẹsẹ̀ tó kán so padà ló fi ń so ibi tí kò yẹ kó so.

Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi í yá wọn lára láti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọdé tí orí eegun àgbọ̀n rẹ̀ kán, tí wọn kì í sì í fẹ́ de eyín rẹ̀ pa pọ̀ pẹ́. Bó bá gba dídè rárá, nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni, lẹ́yìn náà kí ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ti àgbà lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tàbí kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kékeré to eegun náà pọ̀. Oúnjẹ rírọ̀, oògùn ìrora, lílanu díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́: èyí ni ìtọ́jú tó bọ́gbọ́n mu fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Mo fi ọ̀wọ̀ sọ èyí tó kàn, torí mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa níbí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ní ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń kọ́kọ́ sáré lọ. Apá àti ẹsẹ̀ tó kán ń fẹ́ kí a dè é kó má mì. Òdìkejì ni oríkèé párì ń fẹ́. Bí a bá fi aṣọ di àgbọ̀n ọmọ mọ́ orí fún oṣù kan, a ń ran eegun lọ́wọ́ láti tì í pa ni. Bó bá sì ti tì pa, kò sí òrí, kò sí àdí, kò sí omi gbígbóná tó lè yọ́ eegun. Àwọn mìíràn á fi ìdí ṣíbí ti ẹnu ọmọ láti là á. Eyín ni wọ́n ń kán, oríkèé kò ní mira.

Ìfarapa nìkan kọ́ ló ń fà á o. Etí tó ń ṣọyún tí a kò tọ́jú lè ran oríkèé yìí, torí etí àti oríkèé náà múlé ti ara wọn. Kí oògùn apakòkòrò tó di ohun tó wọ́pọ̀, irú àkóràn bẹ́ẹ̀ ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Lóde òní, ìfarapa ló gba iwájú. Àwọn àìsàn oríkèé kan náà wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó há nítorí noma, ìyẹn àrùn tó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí kò jẹun kánú, tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, yàtọ̀ díẹ̀: àpá inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fa ẹnu mọ́ra, oríkèé lè má ní nǹkan kan. Ẹ má sì fi ohunkóhun nínú ìwọ̀nyí wé tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń dé láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ọgbẹ́, pẹ̀lú kí gbogbo ara máa gan gìrì, ilé ìwòsàn sì ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó ń bá ẹnu tó tì rìn

Ẹni tí kò tíì rí i lè rò pé oúnjẹ nìkan ni ìṣòro. Oúnjẹ kúkú tó ìṣòro. Mo ní kí ẹ ronú ọmọ tó ń fi ìka ti ìrẹsì kọjá àlàfo ibi tí eyín kan ti yọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹun tán nílé ìwé tí wọ́n ti lọ ṣeré. Àmàlà á gba ibẹ̀ kọjá bí ọbẹ̀ bá pọ̀. Ẹran di ohun àwòmọ́jú.

Eyín ń jẹrà torí búrọ́ọ̀ṣì kò lè wọ ẹ̀yìn, bó bá sì jẹrà tán, kò sí ọ̀nà tí dókítà fi lè yọ ọ́. Bí èébì bá gbé e, kò sí ọ̀nà gidi tó lè gbà jáde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa gba àárín eyín jáde, àwọn èèyàn á sì rò pé ó ń ṣe fáàrí tàbí pé orí rẹ̀ kò pé. Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, torí pé kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀, ojú náà á yí padà. Orí eegun àgbọ̀n wà lára ibi tí párì ń gbà dàgbà. Bó bá bàjẹ́, ẹ̀gbẹ́ yẹn kò ní gùn mọ́, àgbọ̀n á wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó tì. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: ẹ̀gbẹ́ tó tì ló máa ń rí roboto, tó kún, tó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le, ẹ̀gbẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe ló máa ń rí pẹlẹbẹ. Òbí á máa tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ tó dára pé òun ló ń ṣàìsàn. Bó bá jẹ́ méjèèjì ló tì, àgbọ̀n á kù sẹ́yìn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbọ̀n mọ́.

Àgbọ̀n tó kù sẹ́yìn yẹn á ti ahọ́n sẹ́yìn pẹ̀lú, ọ̀nà èémí á wá há. Ọmọ á máa hanrun lóru, èémí rẹ̀ á máa dá dúró díẹ̀, á ta jí, á tún sùn. Lọ́jọ́ kejì, á máa tòògbé ní kíláàsì. Bí ẹ bá mọ ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò là tó sì ń hanrun bí àgbàlagbà, ẹ sọ fún dókítà pé ó ń hanrun kí ẹ tó sọ ti oúnjẹ, torí èémí ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, ó sì lè yí ètò iṣẹ́ abẹ náà padà.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú iyàrá iṣẹ́ abẹ?

Ẹ́síréè tó yí gbogbo párì ká máa ń fi hàn pé oríkèé ti tì. CT scan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán inú ara, ló ń sọ bí ó ṣe nípọn tó, bó ṣe súnmọ́ ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó, àti bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe jìnnà sí i. Owó CT scan ń dun èèyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Oríkèé tó jẹ́ àpá nìkan àti èyí tó ti di òkìtì eegun kì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Kí abẹ tó kan ara rárá, orun ni ìdíwọ́ àkọ́kọ́. Nínú iṣẹ́ abẹ mìíràn, wọ́n á kun èèyàn lóorun, wọ́n á la ẹnu rẹ̀, wọ́n á ti ọ̀pá èémí gba ọ̀fun wọlé. Ẹnu tibí kò là. Bí wọ́n bá sì kọ́kọ́ kùn ún lóorun, èémí lè dá láìsí ọ̀nà láti gbà á là. Nítorí náà, imú ni wọ́n máa ń gbà. Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n fi oògùn pa ìmọ̀lára imú àti ọ̀fun, kí wọ́n wá ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu gba imú lọ sí ọ̀nà èémí nígbà tí ojú aláìsàn ṣì là, kí ọ̀pá èémí tẹ̀ lé e. Àgbà lè fara dà á. Ọmọdé kì í gbà, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n ń dá sí tirẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ yẹn kò bá sí, onímọ̀ oògùn orun tó dáńtọ́ lè máa fetí sí èémí kó fi ti ọ̀pá náà wọlé láìrí ọ̀nà, tàbí kí wọ́n la ihò sí ọrùn fún èémí. Nígbà tí ẹ bá ń béèrè ilé ìwòsàn tó lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè ta ni yóò kùn ún lóorun pẹ̀lú. Ìdajì ewu iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni yẹn.

Iwájú etí ni wọ́n á ti gé awọ, gígé náà á tẹ̀ wọ inú irun lókè kí àpá má baà hàn. Wọ́n á rọra lọ, torí pé ẹ̀ka iṣan tó ń jẹ́ kí a ká iwájú orí jọ, kí a sì di ojú, gba ibẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá dé orí eegun tó ti so náà, wọ́n á fi ẹ̀rọ gé e, omi iyọ̀ á máa dà sí i kí eegun má baà gbóná. Èyí tó kù díẹ̀ lẹ́yìn, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ eegun ni wọ́n máa fi yọ ọ́ jẹ́jẹ́ nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí wọ́n kàn fi ayùn la ojú ìlà kan sí i. Àlàfo tó wọ́pọ̀ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ tó 10 sí 15 mìlímítà, nítorí àlàfo tóóró ni eegun ń tètè fò kọjá láti tún so.

Ní ọdún 1990, Leonard Kaban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ párì káàkiri ayé ṣì ń tẹ̀ lé, wọ́n sì tún un ṣe fún ọmọdé ní 2009. Kókó rẹ̀ ni pé kí wọ́n má gbàgbọ́ pé oríkèé ti là títí wọ́n á fi wọn ẹnu náà lórí tábìlì. Bí kò bá tó 35 mìlímítà láìlo agbára, wọn kò tíì ṣe tán. Ìwo eegun kan wà níwájú orí eegun náà tí ẹran ẹ̀bátí so mọ́. Ọdún tí ẹnu fi tì ti mú kí òun náà gùn, kó sì le. Wọ́n á gé e ní ẹ̀gbẹ́ tó tì. Bí ẹnu kò bá là tó síbẹ̀, wọ́n á gé ti ẹ̀gbẹ́ kejì náà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ tó bàjẹ́ nígbà àtijọ́, ibi tí wọ́n ti dáwọ́ dúró láìpé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi nǹkan sáàárín kí eegun méjì má baà tún rí ara wọn. Wọ́n lè lo awẹ́ tirẹ̀ bí ó bá ṣì dára, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n sábà ń lò ni abala ẹran ẹ̀bátí pẹ̀lú awọ fẹ́lẹ́ tó bo ẹran náà, tí wọ́n á yí sínú àlàfo náà láìgé e kúrò nídìí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rá láti ara aláìsàn náà ṣeé lò. Fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà, wọ́n lè mú eegun ìhà kan pẹ̀lú eegun rírọ̀ tó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n fi rọ́pò orí eegun tí wọ́n gé. Ìdùnnú ibẹ̀ ni pé ó lè dàgbà pẹ̀lú ọmọ. Ohun tó ń dani láàmú ni pé kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún un, ó lè má dàgbà tó, ó sì lè dàgbà jù. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n gé eegun párì, kí wọ́n de ẹ̀rọ onískúrù mọ́ ọn, kí wọ́n máa fi nǹkan bíi mìlímítà kan lójúmọ́ fà á gùn, kí eegun tuntun máa hù sínú àlàfo. Oríkèé àtọwọ́dá tí wọ́n fi irin àti ike líle ṣe náà wà, àgbà ni wọ́n sábà ń fi sí lára, owó rẹ̀ sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ ẹbí lọ.

Ewu wà, kí dókítà má sì fi pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀. Iwájú orí lè má ká jọ tàbí kí ojú má tì dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù mélòó kan, díẹ̀ lè má padà. Ẹ má sì retí pé àgbọ̀n tó ti wọ́ á tọ́ lọ́jọ́ tí ẹnu là. Ẹnu lílà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Títọ́ ojú ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú.

Ìgbà kejì tí ó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹbí aláìsàn kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu tó là tó ìka mẹ́ta lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lè padà di ìka kan láàárín oṣù díẹ̀. Ara á máa ṣe àpá sí ojú ibi tí wọ́n gé, àpá a sì máa sún kì. Ohun tó lè dá a dúró ni kí ẹnu máa là, ojoojúmọ́, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ó kéré tán.

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí iṣẹ́ abẹ náà. Bó bá jẹ́ eegun ìhà ni wọ́n fi sí i, dókítà lè ní kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Irinṣẹ́ wà tí wọ́n ń yí láti la ẹnu, ṣùgbọ́n èyí tó rọrùn jù ni àwọn pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń tẹ ahọ́n. Wọ́n á to wọ́n léra, wọ́n á kì wọ́n sáàárín eyín ẹ̀yìn, wọ́n á fi wọ́n síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á ti ẹyọ kan sí i sáàárín. Ẹ fún un ní oògùn ìrora ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Ẹ wọn ẹnu náà kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ń bójú tó ìdárayá ara rẹ̀ rí i nígbà tí ẹ bá padà lọ. Ṣingọ́ọ̀mù jíjẹ dára, èyí sì ni ìgbà kan ṣoṣo tí màá ní kí ìyá rà á fún ọmọ lójoojúmọ́.

Ó ń dun ọmọ. Á sunkún, ìyá-ìyá rẹ̀ á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lónìí, pé ojú ń pọ́n ọmọ náà jù. Àánú ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àánú ọjọ́ kan yẹn, bó bá di ti ọ̀sẹ̀ kan, oríkèé á lo ọ̀sẹ̀ náà láti sún kì. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kejì sì máa ń le ju àkọ́kọ́ lọ, torí inú àpá ni wọ́n á ti máa wá ọ̀nà. Kí ẹbí tó gbà kí wọ́n gbé ọmọ wọ iyàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ jókòó kí ẹ pinnu ta ni yóò máa ṣe é láàárọ̀, ta ni yóò máa ṣe é lálẹ́, ta ni yóò gbé e padà síwájú dókítà bí ilé ìwé bá wọlé. Lójú tèmi, ìpinnu yẹn ṣe pàtàkì tó owó iṣẹ́ abẹ.

Fún àwa tí a wà ní Òṣogbo

Ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, ni ibi tó yẹ kí ará Òṣogbo kọ́kọ́ béèrè. Ẹ béèrè ẹ̀ka eyín àti iṣẹ́ abẹ ẹnu. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ̀síwájú, ilé ìwòsàn ńlá OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà, ilé ìwòsàn ńlá UCH sì wà ní Ìbàdàn; ní àwọn ìlú méjèèjì yìí ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àfi òkè òkun.

Ní ti owó, òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà sì ní ètò tirẹ̀. Ẹ béèrè ṣáájú, lórí ìwé, ohun tí ètò yín máa san nínú CT scan, iṣẹ́ abẹ àti ìdárayá tó tẹ̀ lé e. Ìdárayá yẹn ni wọ́n sábà ń gbàgbé. Òfin ìlera ọdún 2014 náà sì sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun tó wù kó fà á.

Mi ò lè ṣàì sọ̀rọ̀ ọ̀kadà. Ẹ dúró ní Ọjà Ọba tàbí Òkè-Fìà láàárọ̀ kí ẹ ka iye ọmọ ilé ìwé tó jókòó sórí táǹkì níwájú ọlọ́kadà. Bí ọ̀kadà náà bá fi orí gbá, àgbọ̀n ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ bá irin pàdé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009 tí Road Safety ti ń fipá mú ọ̀rọ̀ àkẹtẹ̀ ọ̀kadà (hẹ́límẹ́ẹ̀tì), orí la ń rò. Ó dára, orí ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n àkẹtẹ̀ tó bo àtàrí nìkan kò dáàbò bo àgbọ̀n. Èyí tó bo ojú àti àgbọ̀n pọ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kadà jẹun, tó sì lágbára láti ra ọ̀kan, irú èyí ni kó rà. Ọmọdé kò sì gbọ́dọ̀ jókòó síwájú rárá. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà tí a fi ń pe Road Safety, ọ̀fẹ́ ni.

Bí ọmọ bá ti fi àgbọ̀n gbálẹ̀, yálà lórí ọ̀kadà, lórí àtẹ̀gùn tàbí lórí igi máńgòrò, ẹ fi ìka rẹ̀ wọn ẹnu rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà. Bí ìka mẹ́ta bá di méjì, ẹ má dúró kó di ẹyọ kan.

Ẹni tí tirẹ̀ ti pẹ́ ńkọ́, tó ti di ẹni ọdún 25, tó ti gbà pé bí òun ṣe máa rí nìyẹn? Wọ́n ṣì lè ṣí i. Ojú lè má padà sí bó ṣe yẹ kó ti rí, ṣùgbọ́n ẹnu lè là, oúnjẹ lè wọlé, eyín lè rí ìtọ́jú. Bí kò bá sì tíì ṣetán fún iṣẹ́ abẹ yẹn, ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́: gbogbo dókítà tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn fún un gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú pé ẹnu rẹ̀ kò là. Aboyún tó ní irú ẹnu yìí, ọjọ́ tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún ni kó ti sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú káàdì rẹ̀, kí onímọ̀ oògùn orun lè rí i kí ìrọbí tó dé.